Bí Haverkamp Ṣe Fi Òòlù Lu Ẹ̀dínwó Oògùn Pa

Ẹni tó bá fẹ́ rí Thurlow Haverkamp ní ọ́fíìsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. "Ọ̀gbẹ́ni" kò tó. "Sẹ́nétọ̀" náà kò tó, nítorí sẹ́nétọ̀ pọ̀ nínú Ilé Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ wa ní Amẹ́ríkà bí àgbàdo ṣe pọ̀ lóko wa. "Ọlọ́lá Jù Lọ, Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà" ni àlejò náà máa sọ, á sì dákẹ́ díẹ̀ kí oyè náà lè ráyè jókòó. Garrett Blount, akọ̀wé rẹ̀, ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kọ́ wọn. Àgbẹ̀ kan tó wá sọ̀rọ̀ nípa afárá tó já gbàgbé apá kan oyè náà nígbà kan, Garrett sì dá a padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kó lọ tún un kọ́. Afárá náà ṣì wà bó ṣe wà títí di òní.

Nílé, ní ìlú Dorrance, Bud ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ó sì mọ́ ọn lára bí aṣọ tí kò ṣeé bọ́. Bó bá ti dé ibi iná tó ń darí ọkọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí ìlú wa ní, tí ẹnì kan sì yọrí láti inú ọkọ̀ akẹ́rù tó ní, "Bud, báwo ni?" ńṣe ni ojú rẹ̀ máa ń le bíi ti ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. A mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ léraléra.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni òòlù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń darí ìjókòó Ilé ló ń lo òòlù onígi láti fi pe àwọn èèyàn sí àkíyèsí àti láti fi pa ìdìbò dé, ṣùgbọ́n ti Haverkamp kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn. Inú àpótí tí wọ́n fi aṣọ àrán pupa tẹ́ ló ń sùn. Garrett á gbé e síwájú bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ fún ìrìbọmi, ọ̀gá rẹ̀ á sì máa rọra tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Haverkamp ní igi tí bàbá bàbá òun fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Pete Zielke tó ní kẹ́mísì ní Dorrance, tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ní bàtà ni bàbá bàbá Haverkamp ń tà, òun ò sì gbọ́ ọ rí pé ó gbin ẹ̀wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ilé máa parí ìjókòó rẹ̀ fún ọdún náà, Haverkamp dúró níwájú dígí, Garrett sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èjìká kóòtù rẹ̀.

"Ọlọ́lá Jù Lọ, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Àga Ààrẹ kì í sùn, Garrett."

"Òótọ́ ni, sà. Mo tiẹ̀ rí i lójú yín."

"Kí ni ìwé ìròyìn sọ nípa ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá?"

Garrett ronú díẹ̀. "Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, sà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń wọ̀ wọ́n lára."

Haverkamp mi orí. Ó yé e. Òun fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà kà kó tó sùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Láti ìgbà tí mo ti gun àga yìí," ló wí fún ẹni inú dígí, "kò sí ìpinnu kan tí òòlù mi ṣe tí ẹ̀dá alààyè kan yí padà. Ìtàn á sọ ọ́."

"Ìtàn ò tiẹ̀ ní ráyè sọ nǹkan mìíràn, sà."

Wọ́n wá lọ sí gbọ̀ngàn. Ayàwòrán kan ń tẹ̀ lé wọn, nítorí Haverkamp ti ń múra àtidu ipò gómìnà, ó sì ń fẹ́ kàlẹ́ńdà tí wọ́n máa pín fún gbogbo ilé ní ìpínlẹ̀ wa. Oṣù kọ̀ọ̀kan nínú kàlẹ́ńdà náà máa gbé àwòrán òun àti òòlù rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, wọ́n máa dé òòlù náà ní fìlà Kérésì.

Iṣẹ́ kan péré ló kù fún Ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Òfin kan ti wà tipẹ́ ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn máa fi ẹ̀dínwó ńlá ta oògùn fún irú ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwọn tálákà àti àwọn ará oko. Ilé ìwòsàn Dorrance wà lára wọn. Kò ní kẹ́mísì tirẹ̀, nítorí náà Pete Zielke ló ń bá a kó oògùn ẹ̀dínwó náà fún àwọn aláìsàn. Oògùn dín lówó fún wọn, èrè tó bá sì kù níbẹ̀ ni ilé ìwòsàn fi ń sanwó fún dókítà tó ń sùn sí yàrá pàjáwìrì lóru. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, títí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn fi kọ̀wé pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje àwọn ò ní fi oògùn ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí kẹ́mísì tó wà lóde ilé ìwòsàn mọ́. Àbá òfin tó wà níwájú Ilé sọ pé ní ìpínlẹ̀ tiwa, tipátipá ni wọ́n máa fi í ránṣẹ́. Ilé aṣòfin kejì ti fọwọ́ sí i. Gómìnà ti ṣí ìdérí bírò rẹ̀.

Ẹni tó gbé àbá náà wá ni Marlys Tveit, sẹ́nétọ̀ tuntun láti ìhà àwọn tó ń sin màlúù. Kó tó dé Ilé, òun ló ń lu màlúù ní gbàǹjo lọ́jọ́ ọjà, ohùn rẹ̀ sì lè ta láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọgbà láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó dìde.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní pẹ́. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kan bá ń gbọ̀n lóru ní Dorrance, tàbí bí bàbá kan bá di àyà mú, dókítà tó ń sùn níbẹ̀ ló máa ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀dínwó yìí la fi ń sanwó fún un. Bó bá lọ, ìlú ńlá ló kù, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn kódà nígbà tí yìnyín ò bá sí. Ẹ bá mi tẹ bọ́tìnnì pé ẹ gbà, kí n lọ sílé lọ wo àwọn màlúù mi."

Gbogbo wọn ló fẹ́ àbá náà. Mo ń tún un sọ kó lè yé yín: kò sí ẹyọ sẹ́nétọ̀ kan tí kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nínú Ilé náà. Bí sẹ́nétọ̀ tuntun bá gbé àbá àkọ́kọ́ rẹ̀ wá, gbogbo àwọn tó kù á kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì pupa, ìyẹn ni pé àwọn ò gbà. Pátákó ńlá ara ògiri, tó ń fi ìbò ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn, á pọ́n yòò. Ẹni tuntun á máa wò bọ̀ọ̀, ẹnu rẹ̀ á gbẹ. Wọ́n á wá fi í rẹ́rìn-ín títí á fi tẹ́ wọn lọ́rùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí i sí àwọ̀ ewé, wọ́n á pàtẹ́wọ́, àbá á sì wọlé. Bí àwọn àgbàlagbà tí aráàlú dìbò yàn ṣe ń ṣeré nìyẹn. Owó orí wa la fi ń bọ́ wọn.

Pátákó náà pọ́n. Haverkamp alára tẹ pupa, inú rẹ̀ sì ń dùn, torí ó gbà pé òun láwàdà.

"Háà, ẹ̀yin èèyàn yìí," ni Marlys wí. Ó ti gbọ́ nípa àṣà náà, ó sì fẹ́ bá wọn ṣe é. Ó tiẹ̀ tẹ pupa tirẹ̀ sí àbá ara rẹ̀ kí eré náà lè dùn. "Kí ni mo fi ṣe yín? Màlúù ò tiẹ̀ wò mí báyìí rí." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni ayàwòrán kúnlẹ̀ níwájú àga. "Ọlọ́lá, ìmọ́lẹ̀ yìí dára. Ẹ gbé òòlù yẹn sókè. Ẹ gbé e sókè sí i. Ó rẹwà gan-an. Ẹ wá mú un bọ̀ wálẹ̀ dáadáa, kí n yà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọkùnrin tí wọ́n bá sọ fún pé ó rẹwà kì í ronú. Haverkamp mú òòlù bọ̀ wálẹ̀. Ó dún gbà.

Akọ̀wé tó ń tọ́jú pátákó, ẹni tó ti fi iṣẹ́ náà darúgbó, kò gbójú sókè. Bó bá ti gbọ́ òòlù, ọwọ́ rẹ̀ ń ti ìdìbò pa fúnra rẹ̀. Ó tì í pa. Pátákó náà dúró ní pupa látòkè délẹ̀, àmì kékeré tó ń sọ pé "ÀBÁ ṢUBÚ" sì tàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rín náà ò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kú lọ láti iwájú sẹ́yìn, bí àwọn èèyàn ṣe ń rí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ," ni Marlys wí, "ẹ bá wa ṣí i. Eré la ṣì ń ṣe."

Akọ̀wé pátákó dìde, ó sún mọ́ àga, ó sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: "Sà, ẹ kàn sọ pé ó ṣèèṣì ni. Màá ṣí i báyìí. Kò gba nǹkan kan."

Kò gba nǹkan kan lóòótọ́. Haverkamp yanu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Àmọ́ ó rí àwọn oníròyìn lókè tí wọ́n nà síwájú, ó sì rántí ohun tó sọ fún dígí láàárọ̀ yẹn, ó wá ń rí ìwé ìròyìn ọ̀la lójú ara rẹ̀: Ààrẹ Ilé ṣìṣe. Àwòrán rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹnu yíyà. 

"Òòlù ti dún," ló wí. "Àga ti sọ̀rọ̀."

"Àga wo ló sọ̀rọ̀?" ni Marlys wí. "Ọ̀gbẹ́ni, ayàwòrán ló ní kẹ́ ẹ lù ú."

Gbogbo Ilé dìde, wọ́n ń pariwo. Ìbẹ̀rù wá bo Haverkamp, ó sì ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó tún òòlù lù, ó kéde pé Ilé ti parí ìjókòó ọdún náà, ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ti sọ fún àwọn akọrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí wọ́n wọlé bí wọ́n bá ti gbọ́ ìkéde yẹn. Wọ́n wọlé nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń kọrin ìyìn sí ìpínlẹ̀ wa, wọ́n sì fi ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bo ẹjọ́ tí Marlys ń ro mọ́lẹ̀. Ayàwòrán ya èyí náà.

Níta, oníròyìn kan fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Haverkamp lẹ́nu. "Ọlọ́lá, ṣé ẹ ṣèèṣì ni, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀?"

"Ọmọ mi," ni Haverkamp wí, "ṣé mo jọ ẹni tó ń ṣèèṣì?"

Oníròyìn náà wò ó látòkè délẹ̀. Haverkamp gbà pé ẹ̀rù òun ló bà á. Ó wá sọ pé ohun tí àwọn ojúlówó amòye ń pè ní Ìdádúró Olóye ni òun ṣe, kí Ilé lè tún ọ̀rọ̀ náà rò. Lọ́jọ́ kejì ó ní ìdí mìíràn wà níbẹ̀, òmìnira ni òun ń gbèjà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìdí náà ti dàgbà, ó ti ní àwọn ará Róòmù ìgbàanì nínú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu jù ni àwọn tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ń sanwó fún láti máa bá aṣòfin sọ̀rọ̀. Odindi ìgbà òtútù ni wọ́n fi gbógun ti àbá náà, wọ́n sì ti gbà pé àwọn ò borí. Olórí wọn ti wà ní pápákọ̀ òfurufú, ó ń jẹ búrẹ́dì tó há ẹran sí láàárín, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Nígbà tí wọ́n tún un sọ tán, ó gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀, ó ní, "Gbogbo wọn? Àtobìnrin tó gbé e wá?" Wọ́n ò mọ bí wọ́n ṣe rí ojú rere yìí gbà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́. Wọ́n pe Haverkamp síbi àsè ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi oyè Olùgbèjà Ọgbọ́n Tuntun dá a lọ́lá.

Ìyàwó rẹ̀, Arlene, ń fọ àwo nígbà tó sọ fún un.

"Má lọ," ló wí.

"Kí ló dé tí mi ò fi ní lọ?"

"Torí pé o ò ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ yìn ọ́. Ọwọ́ rẹ ló yọ̀, Thurlow. Mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ wà lọ́dọ̀ ayàwòrán."

"Arlene, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba, mo ti bẹ̀ ọ́ pé kí o máa pè mí ní Ọlọ́lá."

Arlene nu ọwọ́ rẹ̀. "Èmi, ìwọ àti ìkòkò ọbẹ̀ nìkan la wà níbí."

Ó lọ. Wọ́n fún un ní ère gíláàsì gíga kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó jọ, ó sì fi wákàtí tó gùn dúpẹ́ títí ọbẹ̀ gbogbo àwọn èèyàn fi dì. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Dorrance, ó di ère náà mọ́ àyà. Lójú ewé kan náà, nísàlẹ̀, ilé ìwòsàn kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, yàrá pàjáwìrì á máa wà ní títì lóru, àti pé dókítà tó ń sùn níbẹ̀ ti ń wá iṣẹ́ síbòmíràn. Mi ò mọ ẹni tó to ojú ewé náà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bù kún un.

A pè é sípàdé ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo obìnrin ló gbé oúnjẹ wá, bó ṣe máa ń rí: abọ́ ńlá ńlá tí wọ́n fi ọ̀dùnkún, ẹran lílọ̀ àti wàràkàṣì kún, tí wọ́n yan títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sórí tábìlì gígùn lábẹ́ aṣọ ìnura kó má bàa tutù. Pásítọ̀ ní kí Haverkamp kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ká tó jẹun, pé ebi á jẹ́ kó gé e kúrú. Pásítọ̀ wa ò tíì pẹ́ nílùú.

Marlys ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá láti ìhà tirẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dìde. "Mo ti bá gómìnà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ṣetán láti pe Ilé padà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun á pè wá tán, Ààrẹ ò sì ní jẹ́ kí àbá náà jáde. Ó ní kí Ààrẹ kàn sọ ọ́ ní gbangba pé òun ṣèèṣì, kó sì jẹ́ ká tún ìbò náà dì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Zielke náà dìde, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Bud, láti jẹ́léósinmi la ti jọ wà. Mi ò bínú sí ọ. Kò sẹ́ni tó bínú níbí. Ṣé o rí ìyá Dolores Kubik tó jókòó síwájú yẹn? Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà òru yẹn ti fà á padà lẹ́nu ikú lọ́dún yìí. Sọ pé ó ṣèèṣì, ká jẹun."

Haverkamp dìde. Ó wo ìyá arúgbó náà, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, nítorí òun ló kọ́ ọ ní orin nígbà tó wà lọ́mọdé.  Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó ronú pé, kí ló tiẹ̀ wà níbẹ̀? Gbólóhùn kan ni. Arlene ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì oúnjẹ, ó rọra mi orí sí i, bí ìgbà tí èèyàn ń rọ ọmọ pé kó gbésẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Dorrance," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé..."

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan lẹ́yìn pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́ fún un níṣìírí ni. Àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ni gbogbo yàrá bá ń pàtẹ́wọ́ fún un, tìfẹ́tìfẹ́. Àánú ṣe wá. A ò mọ̀ pé a ń ba nǹkan jẹ́.

Nítorí bí àtẹ́wọ́ ṣe wọ etí Haverkamp, ẹ̀yìn rẹ̀ nà. Àyà rẹ̀ yọ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ kan gun òkè fúnra rẹ̀. "Ohun tó ṣẹlẹ̀," ló tún wí, ohùn náà ti di ti gbọ̀ngàn, "ni pé ìtàn kan ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan sì ṣí i!"

A tún ìjókòó wa ṣe. Ó kó wa lọ sí Róòmù. Ó kó wa gba ojú ogun, ó kó wa gba ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ àti igi tó gbìn. Ó ní àwọn ìran tí a ò tíì bí á máa yan kọjá níwájú ilé òun. Èéfín ti kúrò lára àwọn abọ́. Nígbà tó dé ìparí, ó fi ìkúùkù lu tábìlì, ó ní, "Àga yẹn kò ṣìṣe! Kò ṣìṣe rí! Kò sì ní ṣìṣe láé!" Ó dúró de àtẹ́wọ́.

Arlene ló kọ́kọ́ gbéra. Ó fa aṣọ ìnura bo abọ́ tirẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì gba àtẹ̀gùn jáde. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn tò lọ síbi tábìlì, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ tó gbé wá, kíkún bó ṣe kún, wọ́n sì tẹ̀ lé e jáde. Ní ìlú tiwa, èèyàn lè bú ọ, kó sì tún fún ọ lóúnjẹ. Àwọn àgbà wa ò rí irú èyí rí. Kọfí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Marlys kò dúró de gómìnà mọ́. Ó fóònù sẹ́nétọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí òfin ìpínlẹ̀ wa gbà pé bí àwọn aṣòfin tó pọ̀ tó bá buwọ́ lù ú, wọ́n lè pe ara wọn padà. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ látìgbà yẹn ni ìtìjú. Ìdìbò wọn ti wà lákọsílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dúró níwájú aráàlú kó sọ pé àwàdà ni òun fi oògùn wọn ṣe.

"Ẹ gbọ́ mi," ló ń sọ fún wọn, pẹ̀lú ohùn gbàǹjo rẹ̀. "Èmi tẹ pupa sí àbá ara mi. Ṣé ẹ rí òmùgọ̀ tó jù mí lọ? Kò sí. Ẹ jẹ́ ká jọ ya òmùgọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó tó kàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà ìdìbò." Wọ́n buwọ́ lù ú.

Ìjókòó náà bọ́ sí ọjọ́ tó gbóná. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ Haverkamp nípò Ààrẹ. Garrett kò gbé òòlù síwájú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó ti rí iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin tòlótòló, mo sì gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn àlejò níbẹ̀ náà. Sẹ́nétọ̀ àgbà kan tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa ni wọ́n fi sórí àga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àbá oògùn síta, kò sì sẹ́ni tó ṣàwàdà. Pátákó náà yí sí àwọ̀ ewé láti ìsàlẹ̀ dókè, àfi ojú kan.

Marlys lọ bá a lórí ìjókòó tí wọ́n fún un lẹ́yìn, nítòsí ẹ̀rọ amómitutù. "Thurlow, yí i padà. Ìlú tìrẹ ni. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ṣèlérí."

"Pupa ni mo tẹ̀ nígbà àkọ́kọ́," ló wí, ojú rẹ̀ wà níwájú. "Bí mo bá tẹ òmíràn, á jẹ́ pé mo ṣìṣe nígbà yẹn."

"Àmọ́ o ṣìṣe nígbà yẹn."

"Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, mo ń dìbò lọ́wọ́."

Bàbá tó wà lórí àga béèrè bóyá gbogbo èèyàn ti tẹ̀ ẹ́. Ó tún béèrè. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń wo ẹ̀yìn, bóyá torí pé kò gbọ́, bóyá torí àánú. Ọwọ́ Haverkamp kò kúrò lórí itan rẹ̀. Wọ́n pa ìdìbò dé, ó sì wọ inú ìwé pé ẹnì kan ṣoṣo nínú Ilé ni kò fẹ́ kí ilé ìwòsàn Dorrance rí oògùn ẹ̀dínwó, ará Dorrance sì ni.

Gómìnà fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Dókítà náà kò lọ mọ́. Ní oṣù kẹjọ, nínú ìdìbò abẹ́lé, obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa gba ipò sẹ́nétọ̀ mọ́ Haverkamp lọ́wọ́; kò tiẹ̀ sẹ́ni tó dárúkọ gómìnà fún un mọ́. Gbólóhùn kan ló fi polongo, a sì rí i lára gbogbo ọgbà: "Mo máa ń ṣèèṣì. Bí mo bá ṣèèṣì, mo máa ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn."

Nígbà tí ọdún yí, tí oṣù kìn-ín-ní sì dé, ìbánigbófò tí ìjọba ń san fún Haverkamp parí pẹ̀lú ipò rẹ̀. Ó wọ kẹ́mísì Zielke lọ́sàn-án ọjọ́ kan, yìnyín wà ní èjìká rẹ̀, ó fi ìwé tí dókítà ilé ìwòsàn wa kọ fún un lélẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwa kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, a sì ń wo pákó tí wọ́n to fítámì sí bí ẹni pé a ò tíì rí fítámì rí.

Zielke ka ìwé náà. Ó lọ bu oògùn sínú ìgò, ó padà wá síbi ẹ̀rọ owó.

"Iye méjì ló wà lórí èyí, Bud," ló wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe ń bá gbogbo oníbàárà sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. "Iye tí òfin tuntun sọ wà, iye tí ìwọ dìbò fún sì wà. Èwo ni kí n gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Haverkamp wúkọ́ díẹ̀ láti tún ohùn rẹ̀ ṣe. A mọ ikọ́ yẹn: ọ̀rọ̀ gígùn ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìyá Dolores Kubik gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó wá ibi tó lè fara tì. Haverkamp wo ìgò náà, ó wo ẹ̀yìn, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

"Ti òfin," ló wí.

Zielke tẹ̀ ẹ́. Haverkamp sanwó, ó gba àpò náà, ó yẹ kó máa lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró, ó ń ká ẹnu àpò náà, ó sì ń ṣí i.

"Pete," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé a ní láti dẹ́kun mímí ká tó gbọ́. "Ọjọ́ yẹn. Ó ṣèèṣì ni."

"A mọ̀," ni Zielke wí. Ó gbójú kọjá èjìká Haverkamp sí orí ìlà. "Ẹni tó kàn."